Ṣé Dandan Ni Kí N Dúpẹ́ Fún Sítróòkù Ọkọ Mi?

Obìnrin kan kọ̀wé sí mi láti Òkè-Baálẹ̀, níbí ní Òṣogbo. Mo gé ọ̀rọ̀ rẹ̀ kúrú díẹ̀:

"Ẹ káàárọ̀ sà. Ọkọ mi ní sítróòkù lẹ́yìn ọdún tuntun, apá òsì àti ẹsẹ̀ òsì wọn ò ṣiṣẹ́ mọ́, ọ̀rọ̀ ẹnu wọn ò sì já gaara. Èmi ni mò ń wẹ̀ wọ́n, èmi ni mò ń fún wọn lóúnjẹ kí n tó sáré lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù ní Ọjà Ọba. Ní ṣọ́ọ̀ṣì wa wọ́n ní Bíbélì ní ká máa dúpẹ́ nínú ohun gbogbo, pé kí n wá ṣe ìdúpẹ́ ní Sọ́ńdè àkọ́kọ́ oṣù tó ń bọ̀, pé tí mo bá ń dúpẹ́ ìwòsàn á tètè dé. Nígbà tí wọ́n pè wá jáde lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo dìde kí n jó, ẹsẹ̀ mi ò gbé. Sà, ṣé dandan ni kí n dúpẹ́ fún ohun tó ń pa mí lára yìí? Tí mo bá ní mo dúpẹ́, ṣé irọ́ kọ́ ni mò ń pa fún Ọlọ́run? Àbí àìdúpẹ́ mi ló ń dá ìwòsàn ọkọ mi dúró? Èmi Ìyá Ìbejì."

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìnira, ẹ kú àìsùn, ẹ kú ìtọ́jú Bàbá Ìbejì, Ọlọ́run á gbé wọn dìde. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dáhùn ìbéèrè tó kẹ́yìn yẹn torí òun ló wúwo jù, mo sì fura pé òun gan-an ni ò jẹ́ kẹ́ẹ sinmi. Rárá o. Kì í ṣe àìdúpẹ́ yín ló dá ìwòsàn ọkọ yín dúró. Ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ fún yín lè jẹ́ pé ìfẹ́ ló fi sọ ọ́, àmọ́ kò rí i kà nínú Bíbélì.

Ẹ ṣí Lúùkù 17, láti ẹsẹ 11. Àwọn adẹ́tẹ̀ mẹ́wàá dúró lókèèrè, wọ́n ń pariwo pé kí Jésù ṣàánú àwọn, Jésù ní kí wọ́n lọ fi ara wọn han àwọn àlùfáà, bí wọ́n ṣe ń lọ lójú ọ̀nà ni ara wọn mọ́. Mẹ́wẹ̀ẹ̀wá o. Kò tíì sí ẹnì kankan tó dúpẹ́ nínú wọn nígbà yẹn. Ẹnì kan ṣoṣo ló padà wá, ará Samáríà sì ni, Jésù wá béèrè pé àwọn mẹ́sàn-án tó kù dà. Àmọ́ ẹ wá ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé ẹ̀tẹ̀ padà sára àwọn mẹ́sàn-án yẹn, ẹ ò ní rí i. Tó bá jẹ́ pé ọpẹ́ lowó tá a fi ń ra ìwòsàn, mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá ò bá má rí i gbà. Ohun tí ẹni tó padà wá fi ju àwọn yòókù lọ ni pé òun rí Jésù fúnra rẹ̀, ó dojú bolẹ̀ lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó sì gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ibi tí ọpẹ́ ń mú èèyàn dé nìyẹn.

A ní òwe kan tá a máa ń fi wàásù ìdúpẹ́, pé bọ́mọdé bá dúpẹ́ oore àná, á rí òmíì gbà. Òwe gidi ni, ó dáa láàárín èèyàn sí èèyàn, ọmọ tí ò mọ ẹ kú àná ò lè rójú rere àgbà. Àmọ́ a ti gbé e gun pẹpẹ, a ti sọ ọ́ di ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́, a wá ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run bí ẹni ń fi ìdẹ sẹ́nu ìwọ̀, tí òmíì ò bá sì tètè dé a máa ń yíjú sí aláìsàn tàbí ìyàwó aláìsàn pé ẹ ò dúpẹ́ tó. Ó máa ń dùn mí gan-an ni, torí ẹni tó ti ń ru ẹrù lẹ tún gbé òkúta lé lórí yẹn. Nígbà táwọn ọmọ ẹ̀yìn Jésù rí ọkùnrin tí wọ́n bí ní afọ́jú nínú Jòhánù 9, wọ́n béèrè ta ló dẹ́ṣẹ̀, òun àbí àwọn òbí rẹ̀, Jésù ní kì í ṣe òun, kì í ṣe àwọn òbí rẹ̀. Ó kọ̀ láti bá wọn wá ẹlẹ́bi. Ẹ̀yin náà ẹ má wá a.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́ fúnra rẹ̀. Ẹsẹ tí wọ́n kà fún yín, 1 Tẹsalóníkà 5:18, ẹsẹ òtítọ́ ni, mi ò ní bá yín yọ ọ́ kúrò nínú Bíbélì: "Ẹ máa dúpẹ́ nínú ohun gbogbo: nítorí èyí ni ìfẹ́ Ọlọ́run nínú Kristi Jésù fún yín." Àṣẹ ni. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo àwọn ará Tẹsalóníkà tí Pọ́ọ̀lù kọ ọ́ sí. Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì 17 ló sọ bí ìjọ yẹn ṣe bẹ̀rẹ̀. Pọ́ọ̀lù wàásù níbẹ̀ fún sábáàtì mẹ́ta, àwọn kan lọ kó àwọn jàǹdùkú ọjà jọ, wọ́n dá ìlú rú, wọ́n ya lu ilé Jásónì, wọ́n wọ́ òun àtàwọn ará kan lọ síwájú àwọn aláṣẹ, ìgbà tí wọ́n gba béèlì lọ́wọ́ wọn tán ni wọ́n tó fi wọ́n sílẹ̀, lóru yẹn náà làwọn ará ní kí Pọ́ọ̀lù àti Sílà tètè máa lọ sí Bèríà. Ìjọ tí ìyà bí nìyẹn. Wọ́n sì tún ń ṣọ̀fọ̀, torí nínú lẹ́tà kan náà, orí 4 ẹsẹ 13, Pọ́ọ̀lù ń bá wọn sọ̀rọ̀ nípa àwọn èèyàn wọn tó ti sùn, ó ní kí wọ́n má banújẹ́ bí àwọn tí ò ní ìrètí. Kò sọ pé kí wọ́n má banújẹ́. Ojú ewé kan péré ló wà láàárín ìbànújẹ́ yẹn àti àṣẹ ìdúpẹ́ yìí, àwọn kan náà ló sì ń sọ méjèèjì fún.

Pọ́ọ̀lù alára mọ ohun tó ń sọ. Ìlú Fílípì ló ti ń bọ̀ kó tó dé Tẹsalóníkà, ní Fílípì yẹn ni wọ́n ti bọ́ aṣọ lára òun àti Sílà, tí wọ́n fi ọ̀pá lù wọ́n, tí wọ́n kan àbà mọ́ wọn lẹ́sẹ̀, tí wọ́n sì ń kọrin láàárín òru. Àwa oníwàásù fẹ́ràn orin òru yẹn gan-an ni, ibẹ̀ la sì máa ń dúró sí. Ẹ kà á síwájú. Ní Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì 16 ẹsẹ 33, onítúbú ń wẹ ọgbẹ́ wọn, ìyẹn ni pé orin tí wọ́n kọ ò mú ọgbẹ́ kúrò lára. Nígbà tílẹ̀ mọ́, àwọn aláṣẹ ní kí wọ́n máa lọ wọ́ọ́rọ́wọ́, Pọ́ọ̀lù ní rárá o, ẹ lù wá ní gbangba láìṣẹjọ́, ọmọ ìlú Róòmù sì ni wá, ẹ fẹ́ ká yọ́ jáde? Kí wọ́n wá mú wa jáde fúnra wọn. Ẹni tó kọrin ọpẹ́ lóru ló pe ìyà ní ìyà láàárọ̀. Mo fẹ́ kẹ́ẹ fi èyí sọ́kàn torí àwọn kan rò pé ìgbà tẹ́ẹ bá dákẹ́ nípa ohun tó ń dùn yín lẹ tó jẹ́ ẹni tó ń dúpẹ́.

Ẹ tún wo Jésù ní Bẹ́tánì, nígbà tí Lásárù ọ̀rẹ́ rẹ̀ kú. Jòhánù 11 ẹsẹ 35, Jésù sunkún. Ẹsẹ 41, ó gbójú sókè, ó ní, "Baba, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ nítorí tí ìwọ gbọ́ tèmi." Ibojì kan náà, ọjọ́ kan náà, ẹsẹ márùn-ún péré ló wà láàárín wọn. Kò nu ojú tán kó tó lẹ́tọ̀ọ́ àtidúpẹ́. Àwọn àgbà wa náà ṣáà ní bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Ohun tí mo fẹ́ sọ fún yín ò ju ìyẹn lọ, Ìyá Ìbejì: ẹ lè sunkún, kẹ́ẹ sì ríran. Ẹni tó ń dúpẹ́ tomijé-tomijé ò dá ẹ̀ṣẹ̀ kankan.

Ṣé irọ́ wá ni tẹ́ẹ bá ní ẹ dúpẹ́? Tẹ́ẹ bá dúró níwájú ìjọ tẹ́ẹ ní inú yín dùn, ayọ̀ yín kún, nígbà tí inú yín ò dùn, irọ́ ni, Ọlọ́run ò sì bẹ̀ yín níṣẹ́ irọ́. Àmọ́ ọpẹ́ kì í ṣe ìròyìn bí inú wa ṣe rí. Ohun tí Ọlọ́run ṣe là ń sọ, àti irú ẹni tí Ọlọ́run jẹ́, ìyẹn ò sì yí padà bóyá inú wa dùn ni o bóyá inú wa bàjẹ́ ni. Ẹni tí ojú ń pọ́n lè sọ òtítọ́ méjì nínú àdúrà kan ṣoṣo: "Baba, ó rẹ̀ mí, ẹ̀rù ń bà mí. Baba, o ṣé tí o ò fi mí sílẹ̀." Kò sí irọ́ níbẹ̀.

Ṣé ẹ gbọ́dọ̀ dúpẹ́ fún sítróòkù náà gan-an? Mo mọ̀ pé ẹnì kan á fi Éfésù 5:20 bá yín lò, tó ní ká máa dúpẹ́ nígbà gbogbo fún ohun gbogbo. Ẹ má jẹ́ kó kó yín láyà jẹ. Nínú Lúùkù 13 obìnrin kan wà tí ẹ̀yìn rẹ̀ tẹ̀ fún ọdún 18, kò lè nàró. Jésù ò ní kó dúpẹ́ fún ẹ̀yìn títẹ̀. Ó pè é, ó gbọ́wọ́ lé e, ó tú u sílẹ̀, ó tiẹ̀ sọ lójú gbogbo wọn pé Sátánì ló dè é láti ọdún 18 yìí wá. Ó pe àìsàn ní ìdè. Obìnrin yẹn wá nàró, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yin Ọlọ́run lógo, kò sẹ́ni tó rán an níṣẹ́. Ẹ ò ní láti pe ohun tó burú ní ohun rere kẹ́ẹ tó jẹ́ ọmọ Ọlọ́run.

Àwọn kan máa ń mú Jósẹ́fù wá síbí, pé ó sọ fáwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé ibi lẹ rò sí mi, Ọlọ́run ló sọ ọ́ di rere. Òótọ́ ni, Jẹ́nẹ́sísì 50:20. Àmọ́ ẹ bá mi ṣírò ọdún ibẹ̀. Ọmọ ọdún 17 ni nígbà tí àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jù ú sí kòtò tí wọ́n sì tà á, ọmọ 30 ló jẹ́ nígbà tó dúró níwájú Fáráò, ọdún méje ọ̀pọ̀ kọjá, ìyàn jà fún ọdún méjì kí bàbá rẹ̀ tó dé, bàbá sì lo ọdún 17 ní Íjíbítì kó tó kú, ìgbà tí bàbá kú tán ló tó sọ̀rọ̀ yẹn. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 40 ọdún lẹ́yìn kòtò. Nínú kòtò ńkọ́? Orí 42 ẹsẹ 21, àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fẹnu ara wọn sọ ọ́ pé àwọn rí ìrora ọkàn rẹ̀ nígbà tó ń bẹ àwọn, àwọn ò gbọ́. Ó ń bẹ̀bẹ̀ ni, Ìyá Ìbejì. Ọlọ́run ò fìyà jẹ ẹ́ pé kò dúpẹ́ nínú kòtò. Tó bá jẹ́ pé lọ́jọ́ kan ẹ̀yin náà máa wẹ̀yìn, tẹ́ẹ máa rí ohun tí Ọlọ́run fi ọdún yìí ṣe, ẹ ó dúpẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ẹnikẹ́ni ò lẹ́tọ̀ọ́ láti fipá gba ọpẹ́ ọjọ́ yẹn lọ́wọ́ yín lónìí.

Kí lẹ wá máa dúpẹ́ fún lónìí? Ohun tó wà níwájú yín gan-an. Láàárọ̀ tẹ́ẹ bá gbé bàbá jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, tẹ́ẹ fi ìrọ̀rí tì wọ́n lẹ́yìn, tẹ́ẹ ń fi ṣíbí kékeré bu ògì tó ki díẹ̀ sí wọn lẹ́nu kó má bàa pá wọn lórí, tí wọ́n gbé e mì, "Baba o ṣé, wọ́n gbé e mì lónìí" ti tó. Lóru tẹ́ẹ bá dìde yí wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kejì kí egbò má bàa dá sí wọn níbàdí, tẹ́ẹ tan tọ́ọ̀ṣì fóònù wo ẹ̀yìn wọn tẹ́ẹ rí i pé awọ ibẹ̀ ò bó, "Baba o ṣé" náà nìyẹn. Ẹ má wá ohun ńlá. Ẹni tó ń dúpẹ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an, ọpẹ́ rẹ̀ nídìí. Ọjọ́ tẹ́ẹ bá sì wá ohun kan tì, torí irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ wà, ohun tí Ọlọ́run ti ṣe látẹ̀yìn ò parẹ́, Jésù tó kú tó sì jíǹde ò padà sí ibojì nítorí pé ilé yín ò rọgbọ. Ibi tí Hábákúkù dúró sí nìyẹn, tó ní igi ọ̀pọ̀tọ́ lè má tanná, agbo lè má ní ẹran, ṣùgbọ́n òun á máa yọ̀ nínú Olúwa. Ẹ kíyè sí i pé ó ka àwọn ohun tí kò sí náà lọ́kọ̀ọ̀kan ná, kó tó dé ibi ayọ̀.

Irú ọpẹ́ kan wà tí mo máa rọ̀ yín kẹ́ẹ sá fún, mo mọ̀ pé wọ́n á ti sọ ọ́ fún yín: "Ẹ dúpẹ́ o, ti lágbájá kú ni, tiyín ṣì wà láàyè." Wọ́n fẹ́ tù yín nínú ni, àmọ́ ẹni tó gbàdúrà báyìí nínú Bíbélì ni Farisí inú Lúùkù 18, tó ní Ọlọ́run mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ tí èmi ò rí bí àwọn yòókù, kò sì mú ìdáláre lọ sílé. Ẹ má fi ọ̀fọ̀ ẹlòmíì ṣe àtẹ̀gùn ọpẹ́ yín. Opó tó jókòó lẹ́yìn yín ní ṣọ́ọ̀ṣì náà gbọ́ o.

Ẹ jẹ́ kí n ya ibi kan díẹ̀. Láti 2015 títí wọ 2018 tí wọ́n ń san hàáfù sálárì fún ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ní Ọ̀ṣun níbí, kò sí ìjọ kan ní Òṣogbo tí ò mọ̀ ọ́n lára. Tíṣà kan máa ń wá sí kíláàsì Bíbélì tí mò ń kọ́, èèyàn jẹ́jẹ́. Lọ́jọ́ kan a ní ká lọ yíká ká sọ ohun tá a fẹ́ dúpẹ́ fún, ó kàn án, ó dákẹ́, ó wá ní, "Inú ń bí mi. Mo sọ fún Ọlọ́run láàárọ̀ yìí pé inú ń bí mi, mi ò sì tíì rówó sukúùlù ọmọ san. Mo dúpẹ́ pé mo rí ẹni sọ ọ́ fún." Àwọn kan wo ara wọn lójú. Lójú tèmi, nínú gbogbo ọpẹ́ tí wọ́n dú lọ́jọ́ yẹn, tirẹ̀ ló wọ̀ mí lára jù.

Nítorí ìdúpẹ́ Sọ́ńdè àkọ́kọ́ tí wọ́n ní kẹ́ẹ wá ṣe, mi ò bá aṣọ ẹbí àti ijó jà, ó máa ń dùn mọ́ mi nígbà tí ọpẹ́ bá kún inú èèyàn tó fi jó dé iwájú pẹpẹ. Ìdúpẹ́ tí wọ́n ń fi gbèsè ṣe ni mi ò fara mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lọ yá owó èlé sómúlélántà láti fi se ìrẹsì àti màálúù ìdúpẹ́, kó wá di pé owó oògùn bàbá lẹ ó máa fi san án lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Ọlọ́run ò jẹ yín níyà. Tẹ́ẹ bá fẹ́ dúpẹ́ ní gbangba tí agbára yín ò ju pé kẹ́ẹ dìde, kẹ́ẹ ní "Ọlọ́run ò fi wá sílẹ̀, ẹ máa gbàdúrà fún wa," kẹ́ẹ sì jókòó, ó ti parí. Tẹ́ẹ ò bá tíì lè dìde, ẹ jókòó. Kí àwọn tó lè kọrin kọ ọ́ fún yín, ìwúlò ìjọ nìyẹn. Róòmù 12:15 ní ká bá àwọn tó ń sunkún sunkún, ojúṣe tiwọn nìyẹn sí yín, wọn ò sì gbọ́dọ̀ fi tiyín rọ́pò rẹ̀.

Ní ti àdúrà ilé, ẹ mú Sáàmù 13, ẹsẹ mẹ́fà péré ni. Dáfídì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìbéèrè pé yóò ti pẹ́ tó, Olúwa, ó bi í léraléra, lẹ́yìn náà ó bẹ̀bẹ̀, ìparí ló tó ní òun á kọrin sí Olúwa. Ẹ tẹ̀ lé e bẹ́ẹ̀: ẹ kọ́kọ́ ròyìn, ẹ bẹ̀bẹ̀, kẹ́ẹ wá dúpẹ́ ohun kan, kódà kó kéré. Fílípì 4:6 náà kó àdúrà, ẹ̀bẹ̀ àti ìdúpẹ́ pọ̀ sójú kan, ẹni tó sì wà nínú ẹ̀wọ̀n ló kọ ọ́. Lọ́jọ́ tí ti Sáàmù 13 bá ga jù fún yín, ẹ ka Sáàmù 88. Òkùnkùn ni ìyẹn parí sí, kò sí ọpẹ́ ní ìsàlẹ̀ rẹ̀, Ọlọ́run sì fi í sínú Bíbélì fún irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ kà á sókè létí bàbá náà, torí òun gan-an ni sítróòkù ṣe, bóyá ọ̀rọ̀ wà nínú tiwọn tí ẹnu ò jẹ́ kí wọ́n sọ.

Ohun méjì tó kù ò gùn. Àkọ́kọ́, ọpẹ́ ò ní kẹ́ẹ ju oògùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Tí ẹnikẹ́ni bá ní kí bàbá dá oògùn BP dúró láti fi hàn pé wọ́n ti gba ìwòsàn, ẹ má gbà o, ẹni tó ti ní sítróòkù lẹ́ẹ̀kan lè tún ní òmíì, oògùn yẹn wà lára ohun tó ń dènà rẹ̀, dókítà nìkan ló lè sọ pé kí wọ́n dín in kù. Ẹ má fi ọjọ́ físíò, ìtọ́jú tí wọ́n fi ń na apá àti ẹsẹ̀ wọn, ṣeré náà, kódà kó jẹ́ pé kẹ̀kẹ́ Maruwa lẹ ó gbé wọn lọ. Ìkejì ni ẹ̀yin fúnra yín. Ẹ̀yin nìkan lẹ̀ ń wẹ̀ wọ́n, ẹ̀yin nìkan lẹ̀ ń gbé wọn, ẹ tún ń lọ sọ́jà. Kì í burú burú kó má ku ẹnìkan mọ́ni, ṣùgbọ́n ẹni náà lè má mọ̀ pé òun lẹ̀ ń retí. Ẹ sọ fún àwọn ìyá ẹgbẹ́ yín pé ẹ fẹ́ ẹni tó máa wá jókòó ti bàbá ní Tuesday àti Thursday kẹ́ẹ lè sùn. Ẹ dá ọjọ́ fún wọn bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ní kẹ́ẹ wá dúpẹ́ á lè wá fọ aṣọ.

Ẹ lọ bá pásítọ̀ yín náà, ẹ má tìtorí ọ̀rọ̀ yìí kúrò ní ṣọ́ọ̀ṣì láìjẹ́ kí wọ́n mọ ohun tó wà lọ́kàn yín. Ẹ sọ fún wọn wọ́ọ́rọ́wọ́, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, pé ẹ ò kọ ìdúpẹ́, pé ẹrù tó wà lórí yín lẹ fẹ́ kí wọ́n bá yín gbé ná. Ọ̀pọ̀ nínú àwa olùṣọ́-àgùntàn, tí wọ́n bá bá wa sọ ọ́ báyìí, a máa ń gbọ́. Tẹ́ẹ bá ti rí wọn, ẹ kọ̀wé sí mi padà kí n mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yọrí sí, ẹ sì fi orúkọ tí bàbá ń jẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì kún un, ká lè máa dárúkọ wọn nínú àdúrà Wednesday lọ́dọ̀ wa níbí. Ẹ bá mi kí wọn, ẹ kí àwọn ìbejì.